Ogójì Ìṣẹ́jú Lára Ògiri Màmá

Ẹni bá ní kí n má fọ́nnu, kó yáa má bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Awọnlẹ̀ ni mí. Èmi ni obìnrin tí ẹ máa ń rí lẹ́bàá ọ̀nà ní Amuwo, tó fi ìborùn bo orí, tó di ojú kan, tó sì ń fi ìkejì wo inú ẹ̀rọ elẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá yóò máa bi pé ṣé fọ́tò ló ń yà. Kì í ṣe fọ́tò. Igun ni mò ń wò. Bí mo bá wo ibi méjì tán, mo máa ń yọ iye tí ẹ̀rọ kọ sí ìkíní kúrò lára iye tó kọ sí èkejì. Ohun tó bá kù ni yóò sọ ibi tí ilẹ̀ ẹnìkan parí sí àti ibi tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ìyọkúrò yìí ni mo mọ̀ jù, mi ò sì ní torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ìyọkúrò ni ìyọkúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dìgírì la fi ń wọn igun. Dìgírì kan ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú nínú, ìṣẹ́jú kan sì ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, bí ti wákàtí gẹ́lẹ́. Bí ohun tí o fẹ́ yọ bá ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, o ní láti yá ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó wà lápá òsì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní pírámárì. Ṣùgbọ́n ní pírámárì, ọ̀kan tí o bá yá, mẹ́wàá ló máa dà. Níbí, ọgọ́ta ló máa dà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Ẹsẹ̀ tèmi náà yọ̀ níbẹ̀ rí. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà nígbà náà, ní Festac, olùkọ́ wa fún wa ní ìbéèrè márùn-ún, mo sì gba òdo nínú márùn-ún. Mo sunkún dé Agboju, níbi tí ìyá mi ti ń ta wàrà alágolo, ṣúgà, bísíkíìtì àti ọṣẹ. Ará Ìsẹ́yìn ni ìyá mi. Kò parí pírámárì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi òǹkà rẹ́ ẹ jẹ. Ó ní kí n yéé sunkún kí n ka ìbéèrè náà sókè. Nígbà tí mo kà á tán, kò bá mi dé ọ̀rọ̀ dìgírì rárá. Ó ní páálí wàrà mẹ́ta àti agolo márùn-ún ló wà nílẹ̀, oníbàárà sì fẹ́ páálí kan àti agolo mẹ́wàá, kí ni mo máa ṣe? Mo ní máa tú páálí kan. Ó bi mí pé agolo mélòó ni máa bá nínú rẹ̀. Mo ní mẹ́rìnlélógún.

Ó ní, “Ṣé kì í ṣe mẹ́wàá?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ iye agolo tó wà nínú páálí wàrà? Ó ní ó dáa, kí n lọ tú páálí dìgírì mi, kí n kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Lọ́jọ́ kejì mo gba márùn-ún nínú márùn-ún, olùkọ́ sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnìkan ló bá mi ṣe é. Mo ní ìyá mi ni. Ó rò pé olùkọ́ ìṣirò ni ìyá mi, mi ò sì tún èrò rẹ̀ ṣe.

Ohun kan tún wà tí mo kó lára ìyá mi. Yorùbá ló fi ń ka ọjà, kì í fi òǹkà Gẹ̀ẹ́sì lú u. Bó bá pe méjìdínlọ́gọ́ta, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ọgọ́ta tó ku méjì kó pé. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà bẹ́ẹ̀ nínú ikùn mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń fimú sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ètè mi ń jó. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ parí.

Mo kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀ ní pólì, mo sì padà sí àdúgbò wa láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé kan nítòsí Apple Junction. Ọ̀gá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tuntun tó ń ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ kan, tí a máa ń fi ojú wò tí a ó sì fi ọwọ́ kọ ohun tó bá sọ, ló fẹ́ràn bí ẹyin ojú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń nù ún. Ìtàn tó sì fẹ́ràn jù ni ti ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó bá la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dá dúró. Ó ní ẹ̀rọ àwọn òyìnbó yẹn yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé: wọn kì í pín òbìrí sí òjìdínnírinwó bí tiwa, irinwó ni wọ́n ń pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọgọ́rùn-ún nínú. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló kọ́ wọn. A ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè bá a parí rẹ̀.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì yìí tí mo fẹ́ràn. Ìṣirò yòówù tí ẹnìkan bá ṣe, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó jáde. Àwa ọmọ iṣẹ́ ni òfin náà wà fún, ẹ ṣáà mọ̀. Ta ni yóò ní òun fẹ́ tún ti ọ̀gá ṣe?

Bẹ́ẹ̀ la wà nígbà tí iṣẹ́ Màmá dé. Màmá yìí ń gbé lẹ́yìn ẹ́sítéètì Raji Rasaki, ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, opó ni. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì kó tó kú, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ to búlọ́ọ̀kù ògiri tó yí ọgbà wọn ká. Ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ kọ́lé. Ó ní ó dà bíi pé ògiri Màmá wọ inú ilẹ̀ òun. Kì í ṣe oníjà ènìyàn. Òun àti Màmá jọ fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n pe awọnlẹ̀ kan ṣoṣo, ohun tí awọnlẹ̀ bá sì sọ ni abẹ gé. Wọ́n pe ọ̀gá mi.

Ẹ̀rọ tuntun wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe lọ́jọ́ náà, inú ọ̀gá sì dùn láti gbé ti àtijọ́ jáde. A gbé e lé orí bíkìn, òkúta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi sàmì ààlà, èyí tó wà níwájú òpópónà, a wo bíkìn kejì, lẹ́yìn náà a wo igun ògiri Màmá, tó jìnnà sí wa ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún mítà. Ìṣe wa ni pé kí a tún gbé ẹ̀rọ lọ síbòmíràn, kí a wo igun kan náà láti ibẹ̀, kí ìkíní lè jẹ́rìí sí èkejì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ti taku sójú ibi tí à bá gbé e sí, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí mẹkáníìkì rẹ̀ máa dé. Oòrùn ti mú. Ọ̀gá ní èyí tí a ti rí náà tó. Ó fi pẹ́ńsù yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, orí àpótí ẹ̀rọ ló fi ìwé lé.

Ìwé tó wà lọ́dọ̀ ìjọba ní ó yẹ kí igun láti bíkìn kejì dé ògiri Màmá jẹ́ dìgírì mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Èyí tí ọ̀gá yọ jẹ́ dìgírì mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Bí a bá mú ìyàtọ̀ yẹn rìn dé àádọ́rùn-ún mítà, ó fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀. Ìyẹn ni pé ògiri ti jẹ ilẹ̀ aládùúgbò, láti orí títí dé ìdí. Kí a tó kúrò níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin náà ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri, wọ́n sì fún Màmá ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo rò pé ó máa sunkún. Kò sunkún. Ó bi ọ̀gá mi pé ṣé ó dá a lójú. Ọ̀gá ní ó dá òun lójú.

Màmá ní, “Ògiri ò ṣòro, ẹ lè wó o. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń sọ ni pé olè ni ọkọ mi.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó pe Bàbá lólè, pé àṣìṣe lè wà, pé nígbà yẹn okùn ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Màmá kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ní ọkọ òun pa iṣẹ́ tì fún ọjọ́ kan gbáko nítorí pé kò fẹ́ kí ìpìlẹ̀ yà sí ilẹ̀ olónílẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó kú tán, wọ́n wá ń fi ọ̀dà kọ olè sára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń kà á. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí pé èmi ni mo di tépù ìwọnlẹ̀ mú fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi nìkan ni mo wà ní ọ́fíìsì tí mò ń tẹ ìròyìn náà sórí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ ìṣẹ́jú mẹ́fà ti ìjọba, mo tẹ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta ti ọ̀gá, mo wá kọ ìyàtọ̀ àárín wọn: ogójì. Ọwọ́ mi dúró. Ogójì géérégé. Ògiri tí ọkùnrin bá ṣèèṣì to wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn lè yà ní mọ́kàndínlógójì tàbí méjìlélógójì. Ogójì gan-an, tí kò lé tí kò dín, mo mọ ilé rẹ̀: òun ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọgọ́ta àti ọgọ́rùn-ún.

Mo ṣí ìwé tí ọ̀gá kọ ọ́ sí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló wà lókè, méjìdínlọ́gọ́ta ló wà nísàlẹ̀. Mẹ́rin ò tó, o gbọ́dọ̀ yá dìgírì kan. Mo kà á bí ìyá mi ṣe ń kà á: méjìdínlọ́gọ́ta ku méjì kó pé ọgọ́ta, mẹ́rin ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, méjì àti mẹ́rin, mẹ́fà. Mẹ́fà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi pẹ́ńsù ṣe é, mẹ́fà. Mo fi fóònù ṣe é, mẹ́fà. Ògiri Màmá wà níbi tí ìjọba ní kó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ gbé mi fò. Mo dìde, mo rìn yí tábìlì ká, mo ń yin ara mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rù tó wọlé. Ọ̀gá tó ti ń wọnlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi ni mo fẹ́ lọ bá pé ó ṣi ìyọkúrò ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, aṣọ tèmi náà kò sì tí ì ju ìwọ̀nba lọ. Mo gba Agboju lọ, mo ròyìn fún ìyá mi láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ń to ọṣẹ, kò wojú mi títí mo fi parí.

Ó ní, “Má sọ fún un pé ó ṣì í. Ní kó kọ́ ẹ.”

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ mi. Mo ní ibì kan kò yé mi nínú ìròyìn Màmá, kó jọ̀ọ́ bá mi yọ igun yìí kí n máa wò ó. Ó yọ ṣùtì sí mi. Ó ní ṣebí èmi ni mò ń fọ́nnu kiri pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yọ bíi tèmi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í tán. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó mú pẹ́ńsù. Ó yọ ìṣẹ́jú-àáyá, ó pé. Ó dé orí ìṣẹ́jú.

Ó ní, “Mẹ́rin ò gba méjìdínlọ́gọ́ta. A yá ọ̀kan. Ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn...”

Ẹnu pẹ́ńsù náà dúró lórí ìwé. Kò gbé e kúrò, kò sì kọ nǹkan kan. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo ń ka àlàfo táìlì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ti sáré padà sídìí iṣẹ́ àtijọ́, sídìí àwọn òyìnbó ọlọ́gọ́rùn-ún wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti fi ọwọ́ méjèèjì jẹun nídìí iṣẹ́ yìí nìkan ló lè ṣe é.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní bóyá kí a sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló mì. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Ó ní, “Ẹ̀rọ ò mọ ìyọkúrò. Èmi ni mo yọ ọ́.”

Ó wá bi mí pé ta ni mo ti sọ fún. Mo ní ìyá mi, ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ. Ó béèrè ohun tí ìyá mi sọ, mo sì sọ fún un bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín tí kò fi ti inú rẹ̀ wá pátápátá, ó ní kí n bá òun kí obìnrin náà, pé ó gbọ́n ju àwa méjèèjì lọ. Mo gbé ìkíni náà lọ sí Agboju nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, orí mi sì wú títí mo fi dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìrọ̀lẹ́ náà tó dé, a ti padà sẹ́yìn Raji Rasaki. Ọkọ̀ akẹ́rù ti lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀gá ní kí èmi wo ẹ̀rọ, kí òun máa kọ ọ́. A wò ó láti ibi méjì, a sì yí ẹ̀rọ ká padà wo ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, kó lè dá wa lójú pé kò mì. Ó yọ ọ́, ó ti ìwé sí mi, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, láti ibi méjèèjì.

Ní Ọjọ́rú ó pe Màmá àti ọkùnrin aládùúgbò náà jáde sí ìdí ògiri. Màmá jáde, kò dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ọ̀gá máa fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn awọnlẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí àgbàlagbà ni òun náà, àwọn ènìyàn sì ti ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ó fi fìlà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn níwájú Màmá, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ṣi ìṣirò ṣe. Ọmọbìnrin yìí ló rí i.”

Màmá kò ní kó dìde. Ó ní kó sọ ohun tí ọkọ òun ṣe.

“Bàbá wọn ilẹ̀ yín re, Màmá. Wọn ò jẹ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.”

Ó ní kó sọ ọ́ sókè, pé àwọn ilé kejì kò gbọ́. Ọ̀gá mi gbé orí sókè látorí iyanrìn, ó sì sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ tó ń kọjá fi dúró. Ìgbà yẹn ni Màmá tó ní kó dìde. Ọkùnrin aládùúgbò náà bẹ̀bẹ̀, ó fúnra rẹ̀ lọ wá ọ̀dà funfun, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa pupa náà rẹ́ bó ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ. Mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí fún ọdún díẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo yan iṣẹ́ rere, mo sì yan ọ̀gá rere. Mi ò rí ẹni tí mo fi yangàn tó ọkùnrin tí iyanrìn kún àyà rẹ̀ yẹn.

Màmá ní kí n fi ibi tí a ti rí i han òun nínú ìwé. Mo ṣí i, mo fi ìka lé ìlà kan ṣoṣo. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ náà nìyí?”

Mo ní, “Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Màmá.”

Ó dá ìwé náà padà fún mi. Ó rìn lọ sí ìdí ògiri, sí ibi tí ọ̀dà kò tí ì dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tó sùn lọ́sàn-án.

Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ mi, wọ́n ti gbọ́.”